Ọkùnrin Tó Ní Kí Wọ́n Yan Sẹ́ńtà

Nínú gbogbo òmùgọ̀ tó máa ń pe rédíò lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, ní agbègbè Cleveland, kò sí èyí tí Rosalie Hornyak fojú tẹ́ńbẹ́lú tó Vernon ará Elyria. Kò mọ ojú rẹ̀, kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ló mọ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ kan báyìí tí kì í kánjú, bí ẹni tó ń ka bí wọ́n ṣe ń lo oògùn fún arúgbó. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí ọkùnrin yìí ti ń pe ètò Artie Bruno ní gbogbo oṣù kẹrin, nígbà tí ọjọ́ ìyàn bá ń sún mọ́lé, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń tò tẹ̀lé ara wọn láti mú àwọn géńdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń sọ lọ́dọọdún. Á ní, "Artie, ẹ jẹ́ kí wọ́n yan sẹ́ńtà."

Ẹ gbọ́ ọ. Sẹ́ńtà. Ẹgbẹ́ Cleveland tí kò ní kọ́tàbáàkì, ẹni tó ń darí eré, tó lè ju bọ́ọ̀lù síbi tó fojú sí, tí kò ní ẹni tó lè sáré lé kọ́tàbáàkì ẹlòmíì kó sì gbé e ṣánlẹ̀, ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni Vernon ní kí wọ́n fi ìyàn àkọ́kọ́ mú. Iṣẹ́ sẹ́ńtà kò ju kó bẹ̀rẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù, kó ti àárín itan rẹ̀ gbé e fún kọ́tàbáàkì lẹ́yìn, kó wá máa ti àwọn ọ̀tá dànù. Rosalie fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lórí rédíò kan náà pé sẹ́ńtà ni ẹni tí gbogbo ayé mọ ìdí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ojú rẹ̀. Artie rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti fi orin sí i.

Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni Rosalie. Ó ń ta awò ojú ní Lorain, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Emil, tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ irin. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí bàbá àtọmọ lè sọ fún wákàtí méjì láì dákẹ́, òun náà ni ẹni tó yẹ kí wọ́n yàn. Emil ní kọ́tàbáàkì ni, kọ́tàbáàkì ni, kọ́tàbáàkì ni. Rosalie ní ẹni tó máa gbá kọ́tàbáàkì mọ́lẹ̀ ni, torí ẹgbẹ́ náà ti ń ra kọ́tàbáàkì bí ẹní ń ra àgbò ọdún, ọdún kì í sì í yí po kí wọ́n tó pa á jẹ. Wọn kì í fẹnu kò. Ibi kan ṣoṣo tí ẹnu wọn ti máa ń kò ni pé Vernon ará Elyria kò ní làákàyè.

Lọ́jọ́ kan, Artie tó fẹ́ràn ìjà so ìlà àwọn méjèèjì pọ̀.

Rosalie kò fi àkókò ṣòfò. Ó bi Vernon bóyá ó ti níyàwó. Vernon ní rárá.

"Kò yà mí lẹ́nu," ni Rosalie wí. "Ẹni tó ti ń wo ìdí ọkùnrin fún ọdún mọ́kànlá, ìgbà wo ló fẹ́ rí obìnrin?"

Artie ń pariwo ẹ̀rín. Vernon dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Ó wá ní, "Arábìnrin Rosalie, mo máa ń dúró de ìgbà tí ẹ máa pè. Ẹ máa ń bú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń gbọ́ ohun tí mo sọ kẹ́ ẹ tó bú mi. Àwọn yòókù kì í gbọ́."

Rosalie gbé fóònù sílẹ̀. Etí rẹ̀ gbóná. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìbínú ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Artie Bruno pè é nílé. Ó ní òun kò ṣe irú ẹ̀ rí láyé òun, pé iṣẹ́ òun ni láti dá ìjà sílẹ̀, kì í ṣe láti ṣe alárinà, ṣùgbọ́n Vernon ti bẹ òun lẹ́ẹ̀mẹta pé kí òun fún Rosalie ní nọ́ńbà fóònù Vernon. Rosalie bi í irú ènìyàn tó jẹ́. Artie ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò bú ẹnikẹ́ni rí lórí ètò òun, ìdí nìyẹn tí òun kì í fi í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ pẹ́.

Rosalie gba nọ́ńbà náà kó lè yọ ṣùtì sí i lójúkojú. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n ti pàdé, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja díndín. Ọkùnrin náà fẹ̀, ọrùn rẹ̀ kúrú, ọ̀rá dúdú wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ló ń tún ṣe. Ó ti tò síwájú dè é, ó sì ti ra àwo ẹja méjì. Rosalie jókòó, ó ní kó ṣàlàyé fún òun kí ẹja tó tutù, ìwúlò wo gan-an ni sẹ́ńtà ní.

Vernon nu ọwọ́. Ó ní òun ni sẹ́ńtà iléèwé òun nígbà èwe. Ó ní sẹ́ńtà ló kọ́kọ́ máa ń rí ibi tí ewu ti ń bọ̀, òun ló ń nàka sí i fún àwọn yòókù. "Lẹ́yìn náà, á tẹrí ba, á gbé bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Ọwọ́ kan ló kù fún un nígbà yẹn. Ìgbà tó ń fún èèyàn ní nǹkan gan-an ni wọ́n máa ń ya lù ú. Èmi ò rí ẹlòmíì lórí pápá tí wọ́n ń lù nígbà tó ń fúnni ní nǹkan."

Rosalie wo ẹja rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tó máa gé ọkùnrin náà lára, kò sì rí i. Inú bí i gan-an. Kì í ṣe pé àlàyé náà mọ́gbọ́n dání, torí kò sí ẹgbẹ́ tó ń gba ife torí pé sẹ́ńtà rẹ̀ láàánú. Ohun tó bí i nínú ni pé ó wu òun kí òmùgọ̀ yìí máa sọ̀rọ̀ lọ, níwájú àwo ẹja.

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé sí i lára láì gbàṣẹ. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń lọ sí Elyria, á sọ fún Emil pé òun lọ sí ibi ìdíje bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí rẹmi nígbà ìkórè, ilé Vernon ló ti ń wò wọ́n. Á bú kọ́tàbáàkì, á bú kóòṣì, á bú Vernon. Vernon á rọ́jú rẹ́rìn-ín, á lọ bu ọbẹ̀ wá fún un. Bó bá dárí sílé lálẹ́, ọkàn rẹ̀ kì í bá a délé. Síbẹ̀, ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ṣé obìnrin lè bá ọkùnrin tí kò lè bọ̀wọ̀ fún làákàyè rẹ̀ gbélé? Ìyá rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún Emil, àbí kò bọ̀wọ̀ fún un, ó kàn dákẹ́ ni? Kò rí ẹni bi.

Ní oṣù kìíní, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ náà parí ọdún pẹ̀lú àṣeyọrí mẹ́ta péré, Vernon bi í bóyá ó máa fẹ́ òun. Rosalie ní bẹ́ẹ̀ ni kó tó ronú. Ó wá ronú, ó ní, "Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe é kí Dádì má fọwọ́ sí i."

Kì í ṣe àsọdùn. Emil bí ọmọ méjì. Stefan, ẹ̀gbọ́n Rosalie, rí iṣẹ́ ní Pittsburgh, ó fẹ́yàwó níbẹ̀, ó sì wọ aṣọ ẹgbẹ́ Pittsburgh, ọ̀tá Cleveland láti ayébáyé, wá sílé nígbà Kérésìmesì. Ọdún kẹsàn-án nìyẹn tí bàbá rẹ̀ kò tíì bá a sọ̀rọ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Èmi aládùúgbò wọn tí mò ń ròyìn yìí náà rẹ́rìn-ín, kí n tó rí arúgbó náà níbi tó ti ń wo àwòrán àwọn ọmọ Stefan nígbà tó rò pé kò sẹ́ni nítòsí. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, kì í rí i wọlé mọ́. Rosalie mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá yẹn ni gbogbo ẹbí tó kù fún un.

Wọ́n mú ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹta. Rosalie di ẹran sínú ewé kábéèjì bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é, ó sì ki Vernon nílọ̀: Vern lòun máa pè é níwájú Bàbá, kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohùn rẹ̀ ni Bàbá mọ̀. Vernon gbọ́. Ó jẹ ọbẹ̀ tán, "ẹ káàsán sà" àti "ẹ ṣé sà" nìkan ló ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu sọ wọ́n. Emil fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yíjú sí Rosalie, ó ní ó pẹ́ tí òun ti rí ọkùnrin tó mọ̀ pé oúnjẹ ni wọ́n ń fẹnu jẹ nídìí tábìlì. Ó bu ẹran kún àwo rẹ̀.

Ó wá fẹ̀yìn ti àga. Ó ní, "Ìyàn keje ni tiwa lọ́dún yìí. Ìwọ, Vern, ta lo rò pé ó yẹ ká mú?"

Rosalie tẹ Vernon lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Kọ́tàbáàkì. Bó bá ti lè sọ ọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe, wọ́n á jẹ kéèkì, Emil á mú ọtí jáde, wọ́n á dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Vernon wo Rosalie, ó wo àwo tí arúgbó náà bu ẹran kún fún un.

"Sẹ́ńtà ni, sà," ló wí.

Emil gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà nìkan, ohùn náà ni. Ó dijú, bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò.

"Elyria," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Elyria."

Emil kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó nu ẹnu rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ká ní ọ̀mùtí lo mú wá, mo máa fara dà á. Ká ní ẹni tó ti kọ ìyàwó mẹ́ta ni, mo máa ní ó kéré tán, ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n eléyìí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń pa rédíò nítorí eléyìí." Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì tilẹ̀kùn.

Nígbà tí Vernon ti jáde, Emil bá Rosalie ní kíṣìnì. Ó sọ èyí tó dùn ún jù. Ó ní ọkùnrin tí kò mọ ohun tó níye lórí yàtọ̀ sí ohun tí kò níye lórí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ iye tí ìwọ fúnra rẹ jẹ́? Rosalie náà ti bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Emil ní kó fẹ́ ẹ tó bá wù ú, ìyẹn ni pé kó bá ọ̀nà tí Stefan gbà lọ.

Vernon ṣì wà níta, ó ń dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀. Rosalie wọlé tì í, ó sì kó gbogbo ìbínú náà lé e lórí. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Vernon. Ṣé ẹnu rẹ á bó ni?"

"Bàbá fi ọwọ́ ara wọn bu oúnjẹ fún mi. Mi ò lè jẹ oúnjẹ wọn kí n sì máa parọ́ fún wọn lórí nǹkan kékeré."

"Kì í ṣe nǹkan kékeré," ni Rosalie wí, ó gbọ́ ohun tó sọ, ojú sì tì í díẹ̀.

Vernon ní òun á dúró títí oṣù kẹrin á fi parí. Ó ní òun kò fi halẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ọkàn òun kò lè gbà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rosalie pòṣé, ó ní kí ló dé tí kò fi dúró fún ọdún mọ́kànlá, ṣebí ó mọ̀ ọ́n dúró. Ó ju ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa. Ó sunkún títí dé inú ilé.

Ẹni kan ṣoṣo tó rí bẹ̀ ni Artie Bruno. Ó pè é, ó ní ẹni tó so wọ́n pọ̀ ni kó wá tú u tàbí kó dì í. Artie pe Emil lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Emil gbé e sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, ó ní, "Sọ fún òmùgọ̀ yẹn kó wá síbí lálẹ́ ọjọ́ ìyàn. Á jókòó lójú mi, á wò ó bí wọ́n ṣe máa mú kọ́tàbáàkì. Tó bá ti rí i, kó dìde kó máa lọ sílé, kó má sì pe ilé yìí mọ́." Artie jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an. Rosalie ní alárinà tó ń jíṣẹ́ báyìí, kí wọ́n kúkú lọ gba panápaná.

Ọjọ́bọ̀ ìyàn dé. Vernon wá ní agogo méje ìrọ̀lẹ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun bí ẹni tó ń lọ síwájú adájọ́. Emil nàka sí àga kan fún un, kò sọ̀rọ̀. Rosalie dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Ìyàn kìíní, ìyàn kejì, títí ó fi kan ìkẹfà. Kọ́tàbáàkì tí Emil fẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tí Rosalie fẹ́, tó ń gbá ènìyàn mọ́lẹ̀ bí ìjì, òun náà wà nílẹ̀. Emil fi ọwọ́ ra orúnkún. Ó kan ìkeje, ti Cleveland: ọ̀gá àwọn tó ń ṣètò ìyàn jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ka káàdì tí wọ́n kọ orúkọ sí. Ó pe orúkọ ọmọkùnrin Samoa kan láti Utah, Tavita Leota.

Sẹ́ńtà.

 Rosalie wo Vernon, ó ń retí kó fò sókè. Vernon kò fò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ní, "Sà, ẹ má bínú." Àfi bí ẹni pé òun ló kọ káàdì náà.

Emil pa tẹlifíṣọ̀n. Ó rìn kọjá lára Rosalie, ó tan rédíò kíṣìnì, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ láì wẹ̀yìn.

Gbogbo Cleveland ló ti wà lórí rédíò. Inú ń bí wọn, wọn kò sì rí ọ̀gá ẹgbẹ́ náà bú, ni wọ́n bá mú ẹni tó wà nítòsí. Ọ̀kan ní òmùgọ̀ Elyria ló fi ọdún mọ́kànlá gégùn-ún fún ìlú. Òmíràn ní kí wọ́n lọ wo ilé rẹ̀, àwòrán ìdí ni yóò kún ibẹ̀. Ọkùnrin kan pè láti Parma, ó ní òun gbọ́ pé kò tíì gbéyàwó, obìnrin wo lorí rẹ̀ pé tó máa fẹ́ irú ẹ̀. Artie kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Vernon jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sọ pé kí wọ́n pa á.

Rosalie kò lè fara dà á mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ, òun náà ti sọ ọ́ rí, ó sì ti sọ ọ́ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló wá dé tó fi ń dùn ún títí dé eegun? Ó na ọwọ́ sí fóònù tó wà lára ògiri kíṣìnì láti pe Artie. Ó gbé e sétí. Ìlà náà kò ṣófo. Bàbá rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, nínú yàrá.

Ó rọra gbé e padà. Wọ́n ń gbọ́ ohùn Emil láti ẹ̀yìn ògiri. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá méje, ohùn kan náà á tún ti inú rédíò jáde.

"Artie, Emil ni, ará Lorain. Ìyàn òmùgọ̀ ni wọ́n yàn yìí. Vernon ará Elyria, nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, olórí òmùgọ̀ ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, torí mo ti fún un lóúnjẹ. Ìwọ ará Parma, kí lo ti fún un jẹ rí? O ní obìnrin wo ló máa fẹ́ ẹ. Ọmọ mi ni. Orí ẹ̀ sì pé ju tìẹ àti ti gbogbo ìdílé rẹ lọ."

Artie ní, "Bàbá, ẹ rọra."

"Mi ò ní rọra. Ọkùnrin yẹn jókòó nídìí tábìlì mi. Irọ́ kan ṣoṣo ló kù kó fi gba ọmọ lọ́wọ́ mi, kò pa á. Mo ti ń bá inú burúkú jà láti ọjọ́ yẹn, torí mo mọ̀ pé ká ní èmi ni, mo máa pa irọ́ náà. Ọmọ kan ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí bọ́ọ̀lù, Artie. Bọ́ọ̀lù lásán."

 Artie wá bi í bóyá ó ti sọ fún Vernon pé òun ti gbà.

"Èmi? Kí n lọ máa sọ fún un? Inú pálọ̀ mi ló wà níbẹ̀ yẹn. Ìwọ lo wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi, ìwọ ni kó o dá a lóhùn."

Artie Bruno, tí kò ṣe irú ẹ̀ rí láyé rẹ̀, wúkọ́. Ó ní, "Vernon ará Elyria, tó o bá ń gbọ́ wa, bàbá ní kó o máa fẹ́ ẹ."

Vernon ti dìde. Kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Rosalie dúró níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti kún. "Ìyàn burúkú ni ṣá," ló wí.

"Mo mọ̀ pé wàá sọ bẹ́ẹ̀."

"Màá máa sọ ọ́ títí a ó fi darúgbó."

Vernon mú un mọ́ra. Nígbà tó fi í sílẹ̀, Rosalie lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá bàbá rẹ̀. Emil jókòó sí etí ibùsùn, ó kọ ẹ̀yìn sí i, fóònù wà létí rẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró, òun kò tíì ṣe tán. Ará Parma ti tún padà sórí ìlà. Arúgbó náà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ń bú u lọ láì mí. Rosalie rọra pa ilẹ̀kùn náà dé, kí bàbá rẹ̀ lè rí ará Parma bú dáadáa.